Jíjẹ súṣì níbi tí ara ti ń rọni: ìbéèrè àti ìdáhùn

Oríṣi ilé súṣì méjì làwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni ti kántà kékeré tí èèyàn mẹ́jọ péré lè jókòó sí, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí owó oúnjẹ alẹ́ kan níbẹ̀ sì lè gbé owó oṣù ẹlòmíì lọ. Èkejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ibi tí orin ti ń dún, tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń pariwo, tí onísúṣì ti ń gbé píà àti mayonésì lé orí ẹja, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní wò yín bí ẹ bá fi ọwọ́ jẹun. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Tokyo àti Osaka, ó sì ti tàn dé Los Angeles, Lọ́ńdọ̀nù àti São Paulo. Ti Jàpáànì ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ àwọn ìdáhùn yìí. Níbi tí ìlú mìíràn bá ti yàtọ̀, màá sọ ọ́.

Ṣé ẹja tí iná kò kàn ni gbogbo súṣì?

Rárá o. Ohun tó sọ oúnjẹ di súṣì ni ìrẹsì tí wọ́n fi fínígà, iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ pò. Ohun tí wọ́n máa gbé lé e lórí tàbí tí wọ́n máa dì sínú rẹ̀ kò lópin. Bí ẹ bá rí ẹja tútù nìkan nínú àwo, tí kò sí ìrẹsì lábẹ́ rẹ̀, sashimi nìyẹn, oúnjẹ mìíràn ni.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba ẹja tútù lè jẹun yó bámúbámú nílé súṣì láìfẹnu kan án rárá. Ebi wà, ìyẹn edé bíbọ̀. Tamago wà, ẹyin díndín tó dùn díẹ̀. Anago wà, ẹja òkun tó gùn bí ejò tí wọ́n sè títí ó fi rọ̀, tí wọ́n wá fi omi sóyà dídùn kùn (omi sóyà ni omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe). Inari náà wà, àpò tófù díndín, ìyẹn wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tí wọ́n ki ìrẹsì bọ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Kappa maki kò ju kùkúńbà àti ìrẹsì lọ. Àwọn ilé oúnjẹ tó fẹ́ràn àrà sì máa ń dín edé nínú ìyẹ̀fun kí wọ́n tó ká ìrẹsì mọ́ ọn.

Àwọn orúkọ wo ni mo máa bá nínú ìwé oúnjẹ?

Nigiri ni ìrẹsì tí wọ́n fi ọwọ́ mọ, tí wọ́n tẹ́ ẹja lé lórí. Maki ni èyí tí wọ́n fi nori ká, ìyẹn ewé òkun tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì sá gbẹ títí ó fi fẹ́lẹ́. Bí ìrẹsì bá wà níta tí nori wà nínú, uramaki ni. Temaki ni wọ́n ká ṣóńṣó, ọwọ́ lẹ fi máa mú un. Ẹ tètè jẹ ẹ́, torí ìrẹsì tó lọ́rinrin máa ń sọ nori di jọ̀bọ̀tọ̀ láìpẹ́. Gunkan ni èyí tí wọ́n fi nori mọ odi yí ìrẹsì ká kí ohun tó lè dà, irú bí ẹyin ẹja, má bàa dà sílẹ̀. Ilé oúnjẹ Kyubey ní Ginza, ní Tokyo, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1941. Bí ẹ bá rí aburi, wọ́n ti fi iná jó ojú ẹja náà díẹ̀ kí ọ̀rá rẹ̀ lè yọ́.

Súṣì tó ní píà, mayonésì àti wàràkàṣì, ṣé ojúlówó ni?

Ẹni tó bá sọ pé súṣì kò gbọdọ̀ yí padà kò tíì mọ ibi tó ti ń bọ̀. Láyé àtijọ́, ẹja ni wọ́n á fi iyọ̀ sí, wọ́n á wá fi ìrẹsì sísè dì mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ oṣù títí yóò fi kan, kí ó má bàa bàjẹ́. Dídà ni wọ́n ń da ìrẹsì yẹn nù. Ẹja nìkan ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní ní agbègbè Shiga, létí adágún Biwa. Funazushi ni wọ́n ń pè é, òórùn rẹ̀ sì ń jà bí irú tó ti pọ́n dáadáa. Bí a bá ní ká máa lo orúkọ ojúlówó, òun ló yẹ ká fún.

Nígbà tó yá, wọn kò ní sùúrù dídúró mọ́. Ní Edo, tó ti di Tokyo lónìí, láwọn ọdún 1820, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fínígà sí ìrẹsì dípò kí wọ́n dúró kó kan, wọ́n sì ń tẹ́ ẹja lé e lójú ẹsẹ̀. Hanaya Yohei ni orúkọ tí wọ́n máa ń so mọ́ àrà yìí. Ojú títì ni wọ́n ti ń tà á fún ẹni tó ń kánjú, orí ìdúró ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ẹyọ kan rẹ̀ sì tóbi ju ti òde òní lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Oúnjẹ pàjáwìrì ni. Kántà tó dákẹ́ rọ́rọ́ tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù lónìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dé.

Ẹ tún wo túnà. Ibi tó lọ́ràá jù lára rẹ̀, toro, tí wọ́n ń tà bí wúrà báyìí, wọn kò kà á sí nǹkan kan nígbà yẹn, torí ọ̀rá rẹ̀ tètè ń bàjẹ́ láìsí yìnyín. Ibi pupa ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń rẹ ẹ́ sínú omi sóyà kó lè pẹ́. Ẹ wo sámọ́ńì náà, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Àwọn onísúṣì Edo kò jẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù, nítorí sámọ́ńì inú òkun Pàsífíìkì tí wọ́n mọ̀ máa ń ní aràn. Láwọn ọdún 1980 ni àwọn ará Nọ́wè gbé sámọ́ńì tí wọ́n ń sìn nínú àgò dé Jàpáànì, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà pé a lè jẹ èyí ní tútù. Nígbà tí wọ́n gbà tán, àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ pé nǹkan tuntun ni mọ́.

Ti píà wá ńkọ́? Los Angeles ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, pé ní ilé oúnjẹ Tokyo Kaikan láwọn ọdún 1960 ni Ichiro Mashita ti fi píà àti akàn dípò túnà ọlọ́ràá tí kò rọrùn láti rí lọ́dún yípo. Hidekazu Tojo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Vancouver ní Kánádà, náà ní òun lòun ṣe é. Òun ló sọ pé òun gbé ìrẹsì síta torí àwọn aláwọ̀ funfun kò fẹ́ rí nori lójú. Àwọn méjèèjì kò tíì parí ẹjọ́ wọn. Ohun tó dá mi lójú ni pé ní 2016, iléeṣẹ́ ìjọba Jàpáànì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ fi Tojo ṣe aṣojú oúnjẹ ilẹ̀ wọn lókè òkun. Bí àwọn onílé kò bá bínú, kí ni ti àlejò?

Ẹnìkan tún wà tí a kò lè fò: Nobu Matsuhisa. Tokyo ló ti kọ́ṣẹ́, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Lima ní Pẹrú, ibẹ̀ ló ti mọ ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ lára ẹja, kó tó ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ sí Beverly Hills ní 1987. Oníbàárà kan dá sashimi padà níbẹ̀ pé òun kì í jẹ ẹja tútù. Nobu kò bá a jà. Ó gbé òróró kaná, ó dà á lé ẹja náà lórí, ojú rẹ̀ jiná díẹ̀, obìnrin náà sì jẹ ẹ́ tán. Àwo yẹn wà nínú ìwé oúnjẹ rẹ̀ di òní.

Èmi kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú píà. Sọ́ọ̀sì ni mo ń bá jà. Nígbà tí wọ́n bá da oríṣi mẹ́ta lé ẹja kan ṣoṣo, tí ata àti mayonésì ti bo gbogbo rẹ̀, ó yẹ kí ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n ń fi pamọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ibì kan dára?

Ìrẹsì ni kí ẹ wò. Gbogbo èèyàn ló máa ń wo ẹja, torí òun ló láwọ̀, òun ló gbówó. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ méjì lè ra ẹja lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà ní ọjà Toyosu ní Tokyo, kí ti ọ̀kan dùn, kí ti èkejì má dùn, ìrẹsì ló fa á.

Ìrẹsì súṣì tó dára kì í tutù. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara ènìyàn dọ́gba. Bí ó bá le gbagidi, fìrìjì ni wọ́n ti gbé e jáde. Ẹyọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ so mọ́ra débi pé ẹ lè gbé e dé ẹnu láìfọ́, kó sì tú ká wẹ́rẹ́ bó bá ti dé orí ahọ́n. Bí ó bá rí bí ẹ̀bà lẹ́nu yín, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jù. Fínígà rẹ̀ ńkọ́? Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kó má ṣe ta yín nímú. Àwọn ibòmíràn máa ń lo akazu, fínígà pupa tí wọ́n ń ṣe láti ara gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ìrẹsì. Ó máa ń sọ ìrẹsì di àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí ìrẹsì tó pọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé ó ti jóná.

Àdánwò tí kò náni lówó púpọ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè kappa maki tàbí tamago. Kò sí ẹja olówó iyebíye níbẹ̀ tó lè bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ibi tó bá fọwọ́ pàtàkì mú kùkúńbà kò ní fojú di túnà.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ fi imú yín ṣiṣẹ́ kí ẹ tó jókòó. Ilé súṣì kò gbọdọ̀ rùn ẹja. Ẹ tún wò bóyá wọ́n kọ ohun tó dé lónìí sí ara ògiri tàbí sí pátákó. Ibi tó ń yí ìwé oúnjẹ rẹ̀ padà bí ọjà bá ṣe rí ni mo máa ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹja tútù kò ní fún mi ní aràn?

Ó lè ṣẹlẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí òfin fi wà. Aràn tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ni anisakis, tó ń gbé inú ẹja òkun. Fínígà kì í pa á, bẹ́ẹ̀ ni wasabi, gbòǹgbò rírin tó ń ta nímú, kì í pa á, ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni lè máa sọ. Iná tàbí òtútù líle ló ń pa á. Ní Yúróòpù, òfin ní kí ẹja tí wọ́n máa jẹ ní tútù wà nínú òtútù ìwọ̀n Celsius 20 sísàlẹ̀ òdo fún wákàtí 24 ó kéré tán. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọjọ́ méje ní irú òtútù kan náà, tàbí wákàtí 15 ní ìwọ̀n 35 sísàlẹ̀ òdo lẹ́yìn tó bá ti dì gbagidi. Àwọn ẹja kan wà tí òfin yọ sílẹ̀, pàápàá sámọ́ńì tí wọ́n sìn, tí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń fún un jẹ.

Nítorí náà, bí agbáwo bá sọ fún yín pé ẹja náà ti wà nínú yìnyín rí, ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìròyìn ayọ̀ ni. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń pẹja túnà lókèèrè máa ń sọ ọ́ di yìnyín kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ó sì máa ń dára gan-an bí wọ́n bá mọ bí wọ́n ṣe ń tú u.

Ọwọ́ ni tàbí igi ìjẹun?

Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Àwọn àgbà onísúṣì pàápàá máa ń fi ọwọ́ jẹ nigiri, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún yín ní aṣọ ìnuwọ́ tó gbóná bí ẹ bá ti jókòó. Àwa tí a mọ ọwọ́ lò nídìí iyán kò ní ṣòro fún. Sashimi nìkan ni kí ẹ fi igi jẹ.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju ọwọ́ lọ ni omi sóyà. Ẹ da díẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ, kí ẹ dojú súṣì bolẹ̀ kí ẹja nìkan fara kàn án. Bí ìrẹsì bá wọ inú rẹ̀, yóò fa omi náà mu, yóò tú ká, iyọ̀ á sì bo gbogbo adùn tí onísúṣì fi ààrọ̀ wá. Èyí tí wọ́n bá ti fi sọ́ọ̀sì kùn látilẹ̀ kò nílò nǹkan kan mọ́. Ẹ fi odindi ẹyọ kan sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà bó bá ṣeé ṣe. Bí ó bá tóbi jù, kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀.

Atalẹ̀ tí wọ́n fi fínígà sí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, gari ni. Láàárín ẹja kan àti òmíràn ni wọ́n ń jẹ ẹ́ kí ẹnu lè mọ́. Kò yẹ lórí súṣì.

Wasabi tó wà lórí tábìlì, ṣé ó dà bí ata tiwa?

Kò dà bẹ́ẹ̀. Ata tiwa ń jó ahọ́n, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Wasabi ń lọ tààrà sínú imú, ó ń mú omi bọ́ lójú, láìpẹ́ ó ti lọ. Ẹni tó bá jẹ ata rodo lójoojúmọ́ kò ní àǹfààní kankan lórí rẹ̀, ẹ má ṣe gbójú lé e.

Ọ̀pọ̀ èyí tó wà nínú ilé oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe wasabi. Gbòǹgbò mìíràn tó ń ta ní irú ọ̀nà kan náà ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì fi àwọ̀ ewé sí. Ojúlówó rẹ̀ máa ń hù nínú omi tútù tó ń ṣàn, ní Izu ní agbègbè Shizuoka àti ní Nagano, ó gbówó lórí, bí wọ́n bá sì ti rin ín tán, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 lọ. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń rin ín lójú yín, ẹ má da á sínú omi sóyà o. Díẹ̀ lórí ẹja ti tó. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ rárá kó sọ pé "sabi nuki".

Mo gbọ́ pé àwo ń rìn lórí bẹ́lítì. Báwo ni wọ́n ń ṣe é?

Kaitenzushi nìyẹn, òun ni ó sì sọ súṣì di oúnjẹ mẹ̀kúnnù padà. Yoshiaki Shiraishi, tó ní ilé oúnjẹ kékeré ní Higashi-Osaka, kò rí òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó gbà. Ó rí i bí ìgò bíà ṣe ń rìn lórí bẹ́lítì ní iléeṣẹ́ ọlọ́tí, ó sì ronú pé súṣì náà lè máa rìn lọ bá oníbàárà. Ní 1958 ló ṣí Genroku. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Osaka ní 1970, kò sẹ́ni tó tún dá a dúró mọ́.

Ẹ jókòó, ẹ mú àwo tó bá wù yín bó ṣe ń kọjá, ẹ má dá a padà bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án. Àwọ̀ àwo ló máa ń sọ iye owó láwọn ibi kan. Ẹ to àwo tó bá ti ṣófo léra wọn. Òun ni wọ́n máa kà nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí àrà tó lè pa yín lẹ́rìn-ín: gunkan àgbàdo oní-mayonésì, nigiri ẹran lílọ̀, kéèkì. Ẹ jẹ ẹ́. Èmi kò mọ ìdí tí àgbàdo fi dùn tó bẹ́ẹ̀ lórí ìrẹsì fínígà, ṣùgbọ́n ó dùn.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ omi tó wà níwájú yín lórí tábìlì. Kì í ṣe fún ọwọ́ fífọ̀. Omi gbígbóná gan-an ló ń jáde níbẹ̀, fún tíì ni. Lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé tó wà nínú agolo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tíì ni, kì í ṣe wasabi. Àlejò tó ti fi ṣíbí bù ú lé ẹja kò lóǹkà.

Bẹ́lítì náà kò rìn mọ́ níbi púpọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, fídíò ọ̀dọ́ kan tó ń lá ìgò omi sóyà nínú ilé oúnjẹ kan gba íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn mìíràn sì ṣe irú rẹ̀. Inú bí gbogbo ìlú. Láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ló fi tábúlẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì: ẹ tẹ ohun tí ẹ fẹ́, àwo tiyín nìkan ló máa sáré wá bá yín. Ó mọ́ jù, òótọ́ ni. Adùn kí ẹ máa wo ohun tó ń bọ̀ láti òkèèrè ti dín kù.

Mùsùlùmí ni mí. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹja fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro. Ọtí tó fara pamọ́ ni kí ẹ wá. Mirin, ọtí dídùn tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, wà nínú sọ́ọ̀sì dúdú tó nípọn tí wọ́n ń kùn sára anago àti unagi, ìyẹn irú ẹja gígùn bẹ́ẹ̀ tó ń gbé inú odò. Ó máa ń wà nínú tamago náà. Àwọn kan ń fi sínú ìrẹsì. Omi sóyà tí wọ́n pò lọ́nà àtijọ́ máa ń ní ìwọ̀n ọtí díẹ̀ tó ti ara kíkan wá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fẹnu kò lórí ìyẹn, kálukú ń bi ààfáà tirẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta ramen, ìyẹn núdù inú ọbẹ̀, pọ̀ mọ́ súṣì, omi egungun ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ní Tokyo àti Osaka, àwọn ibi tó kọ halal sí iwájú wọn ti wà.

Ẹni tí kì í jẹ ẹran àti ẹja náà kó ṣọ́ra. Omi tí wọ́n fi ẹja gbígbẹ sè, dashi, wà nínú ọbẹ̀ miso, èyí tí wọ́n fi sóyà kíkan sè, ó wà nínú ẹyin díndín, ó sì wà nínú tófù inari. Kò hàn sójú.

Aboyún ńkọ́, àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru?

Kí aboyún bi dókítà rẹ̀, torí ìmọ̀ràn yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Nǹkan méjì ni wọ́n máa ń sọ: kòkòrò inú ẹja tútù, àti mẹ́kúrì tó pọ̀ lára ẹja ńláńlá bíi túnà. Mẹ́kúrì kò bìkítà fún iná, sísè kì í yọ ọ́ kúrò. Edé bíbọ̀, ẹyin àti kùkúńbà ló rọrùn jù fún un.

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, omi sóyà ni ọ̀tá yín. Ṣíbí ọbẹ̀ kan péré nínú rẹ̀ ní sodium, èròjà inú iyọ̀, tó tó nǹkan bí mílígíráàmù 900, bẹ́ẹ̀ àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá 2,000 lójúmọ́. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n dín iyọ̀ rẹ̀ kù, kí ẹ sì fọwọ́ kan àwo yẹn níwọ̀n.

Ṣé ó yẹ kí n jókòó sídìí kántà?

Bí àyè bá wà, ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ ó rí iṣẹ́ ọwọ́ náà, ẹ ó sì lè bi onísúṣì pé kí ló dára lónìí. Ìbéèrè yẹn nìkan ti yí oúnjẹ alẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn padà sí rere. Bí ẹ bá ní "omakase", ẹ ti fi yíyàn sílẹ̀ fún un nìyẹn, yóò máa gbé e wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ ná àti ohun tí ara yín kọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lọ́fíńdà nìkan ni kí ẹ fi sílé. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn kí á ta sánsán bí a bá ń lọ òde, ṣùgbọ́n ní kántà súṣì, òórùn yín ni ẹni tó jókòó tì yín máa fi jẹ ẹja rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ pe agbáwo, ẹ gbóhùn sókè pé "sumimasen". Kò sí àrífín nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ béèrè?

Àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹja funfun tí adùn rẹ̀ rọra, irú bíi tai, kí wọ́n tó lọ sí ọlọ́ràá, kí wọ́n tó fi maki parí. Ìdí rẹ̀ yé mi: bí ọ̀rá bá ti bo ahọ́n, ẹja funfun kò ní lóhùn mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ara ti ń rọni, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó wù yín. Ẹ ṣáà máa béèrè díẹ̀díẹ̀.

Èló ni, ṣé mo sì máa fún agbáwo lówó?

Ní Jàpáànì, rárá. Bí ẹ bá fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì, agbáwo lè sáré tẹ̀ lé yín lọ sójú títì láti dá a padà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń retí ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé owó dáadáa, torí owó agbáwo sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Àwo pọ́ọ́kú orí bẹ́lítì wà ní ọgọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì, láìka owó orí, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn ilé ńlá fi gbé e sókè ní 2022. Níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí àti súṣì pọ̀, wọ́n lè gbé àwo kékeré kan tí ẹ kò béèrè síwájú yín bí ẹ bá ti jókòó. Otoshi ni, owó ìjókòó ni, ó sábà máa ń tó 300 sí 500 yẹ́ẹ̀nì. Kì í ṣe jìbìtì. Ní São Paulo, tí àwọn ará Jàpáànì ti ń gbé láti ìgbà tí ọkọ̀ Kasato Maru gúnlẹ̀ sí Santos ní 1908, ẹ ó rí rodízio: ẹ san iye kan, ẹ jẹ títí ẹ ó fi rọ́nú. Wọ́n ń fi wàràkàṣì rírọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì ń dín odindi maki nínú òróró. Ẹni tó bá ń fi ojú súṣì Tokyo wò ó á bínú. Ẹni tí ebi ń pa kò ní bínú.

Ṣé mo lè fi ẹja títù ṣe súṣì nílé?

Títù jẹ́ ìbátan ẹja tí wọ́n ń pè ní saba, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ní Jàpáànì débi pé wọ́n ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Nọ́wè. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n ń fi iyọ̀ bò ó, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fínígà, torí saba wà lára ẹja tí anisakis fẹ́ràn jù. Títù tó wà nínú páálí lọ́jà ti tú, ó ti dì, ó tún ti tú nígbà tí iná ọba lọ. Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù láé. Ẹ yan án, ẹ fà á sí wẹ́wẹ́, ẹ fi mayonésì díẹ̀ àti ata sí i, ẹ fi kùkúńbà tì í, kí ẹ wá ká a. Ìrẹsì kékeré tó máa ń lẹ̀ mọ́ra lẹ nílò; ọ̀fadà àti ìrẹsì gígùn kò ní gbà fún yín.

Bí ó bá ṣẹ́ kù, ṣé mo lè dì í lọ sílé?

Ẹja tútù, rárá. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ní Jàpáànì kò ní gbà, nítorí bí ó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, orúkọ tiwọn ló máa bàjẹ́. Ti pé wọ́n ń ta èyí tí wọ́n dì fún gbígbé lọ yàtọ̀, owó orí rẹ̀ pàápàá kéré sí ti ẹni tó jókòó jẹun: ìdá 8 dípò 10. Bí ẹ bá gbé irú ìyẹn, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì gbé e sínú fìrìjì di ọjọ́ kejì, ìrẹsì rẹ̀ á ti le bí òkúta.